Àwọn Agolo Tó Pa Rédíò Lẹ́nu Mọ́ ní Mọ́ṣáláṣí Bàbá Yín

Ẹ kú ilé o, màmá mi. Ẹ kú ọjà, ẹ kú oòrùn Àbíjàn, ẹ kú ìfaradà ariwo àwọn tó ń gbé lókè wa. Bàbá mi, mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn, Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín lójú títì. Wàsíù àbúrò mi, mo kí ọ, ṣùgbọ́n má sùn sórí ibùsùn mi o, bí mi ò tilẹ̀ sí nílé. Mo kí gbogbo àwọn ìyá tí ẹ jọ ń ta aṣọ, mo kí màmá tó máa ń fún mi ní omi yìnyín mu. Bàbá yín náà, bàbá àgbà mi, ní kí n kí yín. Ara wọn le. Ọ̀pá tí ẹ fi ránṣẹ́ sí wọn wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, eruku ti bò ó, wọ́n ní ọjọ́ orí àwọn ò tíì kan ọ̀pá.

Mo mọ̀ pé ẹ ó máa wò ó pé kí ló ṣe Múníratù tó fi ń kọ lẹ́tà tí gbogbo ayé máa kà, nígbà tí fóònù wà. Ẹ má bínú. Nígbà tí ẹ pè mí kẹ́yìn, ẹ ní wọ́n ti sọ ọ́ ní ìpàdé àwọn ọmọ Ìlá lọ́hùn-ún pé Bàbá Ládàánì, bàbá yín tó ń pe ìrun, ti ń ṣarán, pé bí wọ́n bá ń pe ìrun, orin ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi ń tẹ̀lé e. Ẹ ní ojú tì yín, ẹ ò lè gbórí sókè títí ìpàdé fi parí. Mo ní irọ́ ni. Ẹ ní ta ló wá ń kọrin nínú mọ́ṣáláṣí? Mo ní rédíò ni. Ẹ ní rédíò ta? Káàdì sì tán. Òkìkí tó ti dé ìpàdé, fóònù èmi nìkan ò lè lé e bá. Ọ̀gá tí mò ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn ló sọ pé ìwé ìròyìn kan wà tó ń gba lẹ́tà àwọn tó jìnnà sílé, ni mo bá ní kí wọ́n bá mi fi èyí síbẹ̀, kí ẹni tó gbọ́ irọ́ ní gbangba lè ka òótọ́ ní gbangba. Ọ̀gá fẹ́ bá mi tún un kọ, mo kọ̀. Ìwé tí mo kà ò pọ̀, àmọ́ ojú èmi ni ọ̀rọ̀ yìí ṣe.

Kí n má purọ́ fún yín, mi ò fẹ́ràn Ìlá nígbà tí mo dé. Ẹ ní ilé ni mò ń lọ. Èmi ò mọ ilé kankan ju yàrá wa ní Àbíjàn lọ, níbi tí mo ti máa ń gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ ará ilé kejì láti orí ẹní mi. Ilé bàbá yín ní yàrá púpọ̀, ṣùgbọ́n àgádágodo ló wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àwọn tó ni wọ́n wà ní Èkó, wọ́n wà ní Ìlú Òyìnbó, wọ́n wà lọ́dọ̀ yín lọ́hùn-ún. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ògiri ló ń dá mi lóhùn. Ní ilé ìwé, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ, Faransé ló kún ẹnu mi, ni wọ́n bá kó mi sáàárín àwọn ọmọdé tí orí wọn ò ga ju ìbàdí mi lọ. Yorùbá tí ẹ kọ́ mi pàápàá, wọ́n ní ó dà bíi ti ẹni tó ń fi imú sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n gba ìsinmi, mo ní mi ò padà mọ́.

Mo dùbúlẹ̀, mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ọyẹ́ ń fẹ́ nígbà náà, ètè mi bẹ́, ẹsẹ̀ mi funfun bí ẹsẹ̀ ẹni tó tẹ èlùbọ́ mọ́lẹ̀. Mò ń bínú sí òkè, mò ń bínú sí eruku, mò ń bínú sí ẹ̀yin náà. Bàbá yín ò bá mi wí. Wọ́n kàn wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, wọ́n bi mí pé kí ni ọwọ́ mi fẹ́ ṣe bí ẹnu mi ò bá fẹ́ sọ̀rọ̀. Mi ò mọ ohun tó sọ sí mi lọ́kàn, mo ní mo fẹ́ mọ ohun tó wà nínú rédíò.

Bí mo ṣe di ọmọ iṣẹ́ Ọ̀gá Délé nìyẹn. Ṣọ́ọ̀bù wọn wà lójú ọ̀nà tí àwọn bọ́ọ̀sì Òkè-Ìlá ń gbà. Rédíò, fóònù, ẹ̀rọ orin, kò sí èyí tí wọn kì í tún ṣe. Onígbàgbọ́ ni wọ́n, àwọn ló ń tún ẹ̀rọ ṣọ́ọ̀ṣì wọn ṣe, àwọn náà ló ń tún ti mọ́ṣáláṣí wa ṣe, torí pé bàbá wọn àti bàbá yín jọ dáko lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ni. Nínú owó tí ẹ fi ránṣẹ́ fún iṣẹ́ mi, wọ́n ra irin tí a fi ń yọ́ lẹ́ẹ̀dì fún mi, wọ́n ní tèmi ni, kí n má yá ẹnikẹ́ni. Wọn kì í pariwo mọ́ mi. Bí nǹkan bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, wọ́n á ní kí n jókòó tì í, kí n máa bi í léèrè títí yóò fi jẹ́wọ́.

Ṣọ́ọ̀bù yẹn ni ẹ̀rù Ọlọ́run ti kọ́kọ́ bà mí ní Ìlá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí kò sí oníbàárà, Ọ̀gá mú agolo mílíìkì ńlá kan, irú èyí tó ní ìdérí, wọ́n fi fóònù mi sínú rẹ̀, wọ́n dé e pa. Wọ́n ní kí n fi tàwọn pè é. Obìnrin inú fóònù ní ẹni tí mò ń pè kò sí lórí afẹ́fẹ́. Fóònù náà rèé níwájú mi, mo lè nawọ́ kàn án. Wọ́n ṣí i, mo tún pè, ó dún. Mo dé e, ó kú. Mo ṣí i, ó jí. Mo ṣe é títí wọ́n fi gba fóònù wọn lọ́wọ́ mi.

Wọ́n ní ohun tó ń gbé ọ̀rọ̀ láti orí òpó wá sínú fóònù, ìgbì ni, bí ìgbì omi, ṣùgbọ́n ojú ò rí i. Ó ń gba ara ògiri kọjá, ó ń gba ara pátákó kọjá, ó ń gba ara èmi àti ẹ̀yin kọjá, a ò mọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá kan irin, bó ti wù kí irin náà fẹ́lẹ́ tó, irin á gbà á mọ́ra, á máa sáré káàkiri awọ irin náà, kò ní lè wọlé. Mo wo agolo yẹn. Ẹni tó mu mílíìkì inú rẹ̀ ti gbàgbé rẹ̀. Irú rẹ̀ ni wọ́n fi ń wọn ìrẹsì lọ́jà, irú rẹ̀ ni àwọn ọmọdé fi okùn sí, tí wọ́n ń wọ́ kiri bíi mọ́tò. Mo fi ọwọ́ pa á bí ẹni ń pa orí ọmọ tuntun.

Kò pẹ́ sí i ni wàhálà bàbá yín bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbé òpó rédíò tuntun kan dúró lórí òkè tó wà lẹ́yìn àdúgbò wa, rédíò tó ń sọ Yorùbá láti ìdájí dé òru. Àsìkò kan náà ni wọ́n ń kun mọ́ṣáláṣí. Áńpù, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn bàbá yín ga, wọ́n gbé e kúrò lẹ́bàá ibi tí wọ́n ń dúró sí, wọ́n gbé e lọ sínú kọ́bọ́ọ̀dù kan ní ẹ̀yìn. Wáyà máìkì ò wá dé ibẹ̀ mọ́. Ni àwọn tó ń kun ilé bá fi wáyà lásán, irú èyí tí a fi ń so gílóòbù, fà á gùn. Ó ṣiṣẹ́, kò sẹ́ni tó tún rò ó mọ́.

Ní ìdájí ọjọ́ kan, bàbá yín lọ pe Àsùbáà, mo ṣì wà lórí ẹní. Wọ́n gbé ohùn sókè, wọ́n rọ̀ ọ́ sílẹ̀, wọ́n dákẹ́ díẹ̀ láti mí bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Nínú ìdákẹ́ yẹn ni ọkùnrin kan ti sọ̀rọ̀ láti orí hóònù mọ́ṣáláṣí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó wà nínú kànga, pé ṣé jẹ̀díjẹ̀dí ló ń dà yín láàmú? Bàbá yín pe gbólóhùn tó kàn. Ọkùnrin náà dúró dè wọ́n, nígbà tí wọ́n tún mí, ó ní omi gbígbóná ni kí a fi lò ó. Mo dìde jókòó. Mo rẹ́rìn-ín, màmá mi. Mo fi aṣọ bo ẹnu rẹ́rìn-ín.

Gbogbo àdúgbò ló kọ́kọ́ fi rẹ́rìn-ín. Bí mo bá ń kọjá níwájú àwọn ọlọ́kadà, wọ́n á ní ọmọ-ọmọ alágbo ti ń lọ, wọ́n á bi mí pé ìgò wo ló dáa fún ẹni tó ń jókòó sórí ọ̀kadà látàárọ̀. Ẹ̀rín yẹn parí ní ìdájí tí rédíò gbé orin ìyìn sáfẹ́fẹ́. Bàbá yín ń pe ìrun, akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ń gbè wọ́n lẹ́sẹ̀, gbogbo ìlú ló gbọ́. Òun ni wọ́n gbọ́ tí wọ́n gbé lọ sí Àbíjàn.

Alága kọmití mọ́ṣáláṣí pe ìpàdé. Oníṣòwò símẹ́ǹtì ni Alága, wọ́n fẹ́ kí gbogbo nǹkan gún bí ògiri tuntun. Wọ́n ní ọ̀kan nínú méjì ni. Bóyá ẹni tó ń tún ẹ̀rọ wa ṣe, tó jẹ́ ará ṣọ́ọ̀ṣì, ti fi nǹkan sínú rẹ̀ láti fi wá ṣẹ̀sín, tàbí kí Bàbá Ládàánì ní rédíò nínú àpò, kí wọ́n gbàgbé pé ó ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí bàbá yín yí àpò agbádá wọn síta. Bàbá yín yí i. Orógbó kan àti tẹ̀sùbáà ló bọ́ sílẹ̀. Síbẹ̀ Alága dájọ́ pé tó bá fi máa di Jímọ̀ tó ń bọ̀, fóònù ni yóò máa pe ìrun, ohùn Lárúbáwá kan tí wọ́n ti gbà sílẹ̀, tó dùn, tí kì í rẹ̀. Kí bàbá lọ sinmi.

Bàbá yín ò jiyàn. Wọ́n ní ó dáa. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà wọn ò mu omi atalẹ̀ tí wọ́n fi ń la ọ̀fun mọ́. Wọ́n á jí, wọ́n á jókòó sétí ibùsùn, ọwọ́ lórí orúnkún. Mo rí i pé bí wọ́n bá gba ìpè yẹn lọ́wọ́ wọn, kò ní sí ohun tí wọ́n máa tún jí fún. Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé ohùn yẹn ló ń jí yín lọ sí ilé ìwé, pé òun náà ló jí yín ní ọjọ́ tí ẹ ń lọ sí Àbíjàn. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé mo fẹ́ràn wọn tó bẹ́ẹ̀.

Mo sáré lọ bá Ọ̀gá Délé. Wọ́n ti gbọ́. Wọ́n ti sọ fún Alága pé wáyà ni, Alága sì ti fèsì pé ẹni tí à ń fura sí kì í jókòó sórí àga adájọ́, kí wọ́n má tẹ ibẹ̀ mọ́. Ọ̀gá ní wáyà gbọọrọ tí wọ́n fi fa máìkì kò ní aṣọ irin lára, ó ti di etí. Ohunkóhun tí òpó orí òkè bá sọ, ó ń gbọ́, ó sì ń ròyìn fún áńpù. Wọ́n ní wáyà gidi tó ní aṣọ irin wà ní Òṣogbo, ṣùgbọ́n ta ni nínú wa ni kọmití máa gbé owó fún? Wọ́n wá fi fídíò kan hàn mí. Àwọn èèyàn kan ní ilẹ̀ òkèèrè ń jó èèpo àgbọn di èédú, wọ́n ń lọ táyà tó ti gbó, wọ́n ń lọ irin inú kọ̀ǹpútà tó ti bàjẹ́, wọ́n ń pò wọ́n mọ́ símẹ́ǹtì, wọ́n fi ń mọ ògiri tí ìgbì ò lè gbà kọjá, kí ẹ̀rọ tó ń ka lílù ọkàn ní ilé ìwòsàn má baà gbọ́ ariwo fóònù. Mo wò ó títí iná fóònù fi fẹ́ tán. Ohun tí ayé ti jù nù ni wọ́n fi ń dá ohun tí ojú ò rí dúró. Ọ̀gá ní Ìlá náà ní ààtàn.

Málàmù tó ń ta tíì ní gáréèjì ló ní agolo mílíìkì jù. Mo ní kí ó bá mi kó wọn jọ. Ó bi mí pé ṣé mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìrẹsì títà ni. Nígbà tí mo sọ ohun tí mo fẹ́ fi wọ́n ṣe, ó yọ fìlà, ó ní tíì tí òun ń pò láti ọjọ́ yìí, òun ò mọ̀ pé odi mọ́ṣáláṣí lòun ń kọ́. Ó kún àpò kan fún mi. Mo gé orí wọn, mo gé ìdí, mo là wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo fi òòlù lù wọ́n tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ ò ní fẹ́ rí àtàǹpàkò mi.

Mi ò dúró gbọ́ ẹ̀kọ́ Ọ̀gá tán. Bàbá yín ló ní kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù, mo gbà á, mo kan àwọn agolo náà mọ́ inú rẹ̀ léra léra bí ìpẹ́ ẹja, mo sì to àwọn kan tẹ̀ lé wáyà náà lára ògiri. Ó dán, ó wù mí. Mo tan áńpù. Rédíò náà tún wá ké sí i. Obìnrin kan ń ka ìròyìn, ó mọ́ gaara bí ẹni tó jókòó tì mí. Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀ mo sunkún. Mo ní ilé ìwé ò gbà mí, ìlú ò gbà mí, agolo pàápàá ò gbà mí.

Ọ̀gá ò bú mi. Wọ́n ní kí n mú agolo kan wá, wọ́n fi ọ̀bẹ ha ara rẹ̀. Ọ̀dà ló wà ní ìta, nǹkan kan tó ń dán bíi gíláàsì sì wà nínú. Wọ́n ní àwọn agolo rẹ fara kanra, ṣùgbọ́n ọ̀dà ò jẹ́ kí irin wọn bá ara wọn sọ̀rọ̀. Odi tó ní àlàfo kì í ṣe odi. Wọ́n tún bi mí pé ohun tí irin náà mú, ibo ni mo ní kó gbà lọ? Wọ́n ní bí òrùlé bá gba òjò tí omi ò rí ọ̀nà dé ilẹ̀, inú ilé ni yóò bọ́ sí.

Mo tú gbogbo rẹ̀. Mo fi sáńpépà ha etí agolo kọ̀ọ̀kan títí mo fi ń rí ojú ara mi nínú rẹ̀, mo fi lẹ́ẹ̀dì so wọ́n pọ̀ láìfi àyè sílẹ̀. Ti wáyà máìkì, bàbá yín ní kí n gun àjà lọ gé wáyà díìṣì ẹ̀gbọ́n yín tó wà ní Ìlú Òyìnbó, tí kò tíì mú àwòrán kankan wá láti ìgbà tí mo ti dé. Wọ́n ní àwọn á ṣàlàyé fún un. Màmá mi, ẹ ò mọ ohun tó wà nínú wáyà díìṣì. Bí ẹ bá bó èèpo dúdú rẹ̀, okùn irin tín-ín-rín ni wọ́n fi hun aṣọ sí i lára yí ká, ó dí, ó dọ́gba, kò sí ẹni tó ń wò ó. Mo fà á yọ bí ìgbà tí ejò ń bọ́ awọ, mo fi wọ wáyà máìkì bí ìbọ̀sẹ̀, láti òkè délẹ̀. Mo ronú nípa ẹni tó hun ún. Kò mọ̀ pé Ìlá wà láyé.

Ó wá ku ọ̀nà dé ilẹ̀. A ní láti ri irin kan mọ́lẹ̀, kí a fi wáyà so agolo mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹ mọ bí ilẹ̀ ṣe ń rí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó le bí àpáta, Ọ̀gá sì ti ní ilẹ̀ gbígbẹ kì í gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹni. Mo fi irin náà gún gbogbo àyíká mọ́ṣáláṣí, ó ń ta padà sí mi. Ibì kan ṣoṣo ló rọ̀ nínú ọgbà yẹn, ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣe àlùwàlá, tí omi búútà ń ṣàn sí láti ìdájí di alẹ́. Ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú, kòkòrò wà nínú rẹ̀, koríko ibẹ̀ ò mọ̀ pé ọyẹ́ ń fẹ́.

Alága bá mi níbẹ̀ pẹ̀lú irin àti òòlù. Wọ́n ní ṣé ibi tí a ti ń wẹ ara mọ́ fún Ọlọ́run ni màá ri irin ará ṣọ́ọ̀ṣì mọ́? Bàbá yín ló rìn dé, wọ́n tẹ̀ ba, wọ́n di irin náà mú ní ìdúró fún mi. Wọ́n ní, “Omi tí a ti fi ṣan ẹsẹ̀ tán, Alága, ta ló tún ń bínú sí ẹni tó fẹ́ lò ó?” Alága wo omi, wọ́n wo bàbá yín. Wọ́n ní ó dáa, kí a ṣe é. Ṣùgbọ́n bí ohùn kan bá fi lè yọ lẹ́yìn ti bàbá ní ìdájí Jímọ̀, fóònù ti gba iṣẹ́ nìyẹn, Ọ̀gá Délé náà ò sì ní fọwọ́ kan ẹ̀rọ mọ́ láéláé. Mo lu irin náà wọlé. Bàbá yín ò mú ọwọ́ kúrò, bẹ́ẹ̀ ni wọn ò dijú.

Ní ìdájí Jímọ̀ náà, èèyàn pọ̀ ju bó ṣe máa ń rí lọ. Àwọn kan wá kírun, àwọn kan wá gbọ́ ti jẹ̀díjẹ̀dí. Ọ̀gá Délé dúró sí ìta lójú títì, wọ́n jókòó sórí ọ̀kadà wọn, wọn ò wọlé. Mo wà ní ẹ̀yìn aṣọ ìkélé lọ́dọ̀ àwọn obìnrin. Mo ti fi rédíò kékeré Ọ̀gá sétí nígbà tí mò ń bọ̀, mo mọ̀ pé àwọn ará rédíò ti jí, wọ́n ń kọrin.

Bàbá yín tan ẹ̀rọ. Kò sí nǹkan kan. Ariwo ṣìì tó máa ń wà níbẹ̀ pàápàá kò sí. Wọ́n rò pé iná ti lọ ni, wọ́n fi ìka kan máìkì, ó dún gbì, òkè dá a padà. Wọ́n gbé ohùn sókè, wọ́n rọ̀ ọ́ sílẹ̀, wọ́n dákẹ́.

Màmá mi, mi ò mọ bí mo ṣe máa kọ ìdákẹ́ yẹn fún yín. Àwọn akọrin rédíò ń kọjá nígbà náà. Wọ́n ń gba ara ògiri kọjá, wọ́n ń gba ara fìlà àwọn àgbààgbà kọjá, wọ́n ń gba inú àyà èmi gan-an kọjá, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé ibi agolo tí Málàmù ti bu mílíìkì rẹ̀ tán, wọ́n dúró. Wọ́n gba ibi àlùwàlá wọ ilẹ̀ lọ. Mo rò ó títí orí mi wú. Irun ọwọ́ mi dìde. Mo ti ń kírun láti kékeré, ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ mọ̀ pé ohun tí a ò rí kún inú ilé.

Ohun mìíràn ló wá ṣẹlẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò rò tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ariwo ti kúrò lábẹ́ ohùn bàbá yín, ohùn náà wà ní ìhòòhò. A gbọ́ gbogbo rẹ̀. A gbọ́ bó ṣe ń gbọ̀n. Ní àárín ìpè, níbi tí ohùn ti gbọ́dọ̀ gùn, ó já. A gbọ́ tí wọ́n mí, èémí arúgbó, gbogbo Ìlá ló gbọ́ ọ. Kò sí ẹni tó wúkọ́. Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi di ọwọ́ mi mú. Bàbá yín mú ohùn náà láti ibi tó ti já, wọ́n gbé e dé òpin.

Lẹ́yìn ìrun, Alága dìde. Wọ́n ní ẹ̀rọ ti mọ́, àwọn sì ti ṣi Ọ̀gá Délé fura. Àwọn fúnra wọn ló jáde lọ bá Ọ̀gá lójú títì láti tọrọ àforíjì. Mo rí i láti ojú fèrèsé, Ọ̀gá dọ̀bálẹ̀ fún wọn kí wọ́n má baà sọ ọ́ jù. Nígbà tí Alága wọlé padà, gbogbo èèyàn ń wo bàbá yín, torí pé ohùn tí a gbọ́ yẹn, a ò lè ṣe bí ẹni pé a ò gbọ́. Bàbá yín ló gba ọ̀rọ̀ náà sọ.

Wọ́n ní, “Mo ti gbọ́ ara mi lónìí. Mo ti ń rò pé ẹ̀rọ ló ń gbọ̀n.” Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Wọ́n ní kí àwọn ọ̀dọ́ máa pe Àyílà ọ̀sán, kí wọ́n máa pe ti ìrọ̀lẹ́ àti ti alẹ́, àwọn á jókòó ti wọ́n, àwọn á kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n fi Àsùbáà sílẹ̀ fún àwọn, torí pé òun ni gbogbo ọmọ àwọn mọ̀ àwọn mọ́. Alága ní fóònù ò ní pe ìrun kankan níbẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí àwọn bá ṣì jẹ́ alága, Àsùbáà jẹ́ ti Bàbá títí ọjọ́ tí Bàbá fúnra wọn bá ní ó tó. Àwọn èèyàn ní àmín, àmín wọn pọ̀ débi pé máìkì tí a gbàgbé láti pa gbé e jáde sí gbogbo ìlú.

Òótọ́ ọ̀rọ̀ nìyẹn, ẹ̀yin ọmọ Ìlá ní Àbíjàn. Bàbá Ládàánì ò ṣarán, wọn ò kọrin, ẹnikẹ́ni ò gba ìpè lọ́wọ́ wọn. Àwọn fúnra wọn ló pín in.

Màmá mi, bàbá yín ní ohun kan láti bẹ̀ yín. Ìdájí ti máa ń mọ́ lọ́dọ̀ wa kó tó mọ́ lọ́dọ̀ yín, mo mọ̀ pé ojú oorun ni ẹ máa wà. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí ẹ má pa fóònù ní òru Ọjọ́bọ̀ mọ́jú Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tí ẹ bá ka lẹ́tà yìí. Màá pè yín, màá gbé fóònù sókè lábẹ́ hóònù, wọn yóò sì pe ìrun fún yín. Ẹ máa gbọ́ tó lọ sókè, ẹ máa gbọ́ tó ń bọ̀ wálẹ̀. Bó bá dé àárín tó bá já, tí ẹ ò gbọ́ nǹkan kan, ẹ má ṣe rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ, ẹ má gé e. Ẹ dúró. Èémí ni wọ́n ń mí.

Kí Ọlọ́run bá mi tọ́jú yín àti bàbá mi, kí ọjà yín má kùtà, kí ilẹ̀ àjèjì má gbàgbé yín, kí ẹ̀yin náà má gbàgbé ọ̀nà. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, ẹ kí àwọn ará òkè aláriwo, ẹ kí Wàsíù. Ọ̀gá Délé kí yín, Málàmù náà ní kí n kí yín bí mi ò tilẹ̀ mọ ibi tó ti mọ̀ yín. Ara mi yá. Ètè mi ti san.

Èmi ni ọmọ yín,
Múníratù, ní Ìlá.